Ẹ Bi Àǹtí Ọlọ́tí: Ṣé Bíà Tó Korò Bí Ewúro Ti Bàjẹ́ Ni?

Ẹ ń lẹ́ o, ará Ìbàdàn àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ ló dá lórí nǹkan kan náà, bíà àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń korò yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní pale ale. Ó jọ pé àwọn èèyàn yín tó wá sílé fún Kérésì ló kó o wọ̀lú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Houston wá sílé, wọ́n kó ìgò pale ale mẹ́fà bọ̀, wọ́n fi aṣọ wé e nínú báàgì bí ọmọ tuntun. A ṣí méjì níbi ìsọmọlórúkọ tá a ṣe l'Ókè-Àdó, ọ̀rẹ́ mi kan gbé e sẹ́nu ló bá tu ú dà nù, ó ní omi ewúro ni wọ́n rọ fún wa. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi gan-an, wọ́n ní ará oko ni wá, pé a ò mọ ọtí. Wọ́n wá ní kí n fara balẹ̀ mu èyí tó kù, kí n sọ ohun tí mo bá rí nínú ẹ̀ fún àwọn kí wọ́n tó padà. Àǹtí, kí n má parọ́, èmi náà ò gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́ irú ọtí yìí wò? (Àbúrò Ẹ̀gbọ́n, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má bá ọ̀rẹ́ ẹ wí, jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi fún ẹ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ta bíà ní Mọ́kọ́lá, lágà àti ọtí dúdú nìkan ni mo sì mọ̀. Kọ́sítọ́mà mi kan, olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n, gbé ìgò méjì irú ọtí yìí wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn fi sí fíríìjì, pé kí n tọ́ ọ̀kan wò. Mo bu díẹ̀ mu, mo ní ah, ọtí ọ̀gá ti bàjẹ́ o, èmi tí mo rò pé oore ni mò ń ṣe, mo da méjèèjì sí gọ́tà kó má lọ run wọ́n nínú. Ìgbà tí wọ́n dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n kàn jókòó ni, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò bínú, wọ́n ṣáà ń wo gọ́tà. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ, látìgbà náà ni mo ti ń béèrè kiri.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé iṣẹ́ ni kíkorò yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ọkà báálì ni wọ́n ń rẹ sómi kó hù díẹ̀, wọ́n á wá yan án gbẹ, òun ló ń di mọ́ọ̀tì, omi tí wọ́n bá sì sè látara mọ́ọ̀tì máa ń dùn jọ̀gẹ̀dẹ̀jọ̀gẹ̀dẹ̀. O mọ mọ́ọ̀tì inú ìgò táwọn ọmọdé ń mu níbi ìnáwó, wá rò ó pé kó o mu mẹ́ta ẹ̀ tẹ̀léra, adùn á sú ẹ. Hops ni wọ́n fi ń gé adùn yẹn. Òdòdó ewéko kan ni, ìtàkùn ẹ̀ máa ń gun òpó bí ìtàkùn iṣu, ibi tí ojúmọmọ ti ń gùn gan-an nígbà ooru ló sì ti ń ṣe dáadáa, ìyẹn ni ò fi fẹ́ràn ilẹ̀ tiwa. Nǹkan yẹ́lò kan tó dà bí ìyẹ̀fun, tó máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, wà nínú òdòdó yẹn, òun ló ni kíkorò, òun náà ló ni òórùn. Lágà tá à ń mu níbí náà ní hops, díẹ̀ ni wọ́n kàn ń fi sí i.

Wọ́n ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíkorò, IBU ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ lágà wà láàárín 8 sí 25, pale ale ti Amẹ́ríkà wà láàárín 30 sí 50. Ṣé o rí i pé ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, ẹnu tó ti mọ́ 15 lára látọjọ́ táláyé ti dáyé ló lọ kó sọ́wọ́ 40 láìròtẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pale ale ti wá ní tiẹ̀, àmọ́ hops ibẹ̀ máa ń rùn bí ewé àti bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nígbà tó di 1972 ni wọ́n gbé hops kan jáde ní Oregon tí wọ́n ń pè ní Cascade, òórùn èèpo ọsàn ni tiẹ̀. Ní 1980 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ken Grossman, tí òun àti ẹnì kejì ẹ̀ dá ilé ìpọntí kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú Chico ní California, wá da Cascade yìí sínú bíà láìṣahun. Òun ni Sierra Nevada Pale Ale, IBU ẹ̀ jẹ́ 38, ọtí inú ẹ̀ 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ṣe pé òun lẹ̀gbọ́n ẹ gbé wá, bàbá ìdílé lò ń mu yẹn.

Ó yá, ká lọ sídìí bó o ṣe máa mu ún. Má gbé e jáde látinú fírísà kó o sì ṣí i lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀ pé bá a ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn ní Ìbàdàn, kó tutù débi pé ìgò ń làágùn. Bíà tó tutù bẹ́ẹ̀ ti dákú. Imú ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, adùn mọ́ọ̀tì á sá pamọ́, kíkorò nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ó sì dá mi lójú pé ohun tó ṣe yín níbi ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Lágà lè fara da òtútù torí kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn tó fẹ́ fi hàn ẹ́. Èyí, 7 sí 10 ni wọ́n ń fẹ́ lórí ìwọ̀n Celsius, nínú fíríìjì lásán ni kó o gbé e sí, kó o yọ ọ́ síta bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó ṣí i, pẹ̀lú ooru tiwa yìí ó ti tó.

Gíláàsì ni kó o dà á sí, má fi ẹnu gba ìgò. Imú ò lè wọ ẹnu ìgò, imú ló sì máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Fi omi ṣan gíláàsì náà dáadáa kí ọṣẹ má kù sí i, má sì fi ètè tí epo àsun wà lára ẹ̀ mu ún, torí ọ̀rá máa ń pa ìhó bíà, ìhó yẹn ló sì ń gbé òórùn wá bá imú. Dà á kí ìhó ẹ̀ ga tó ìka méjì, àwọn ọmọ tó ń tẹ gíláàsì kó má bàa hó yẹn, èmi ni mo kọ́ wọn, ẹ má bínú, ọjà ni mò ń tà nígbà yẹn.

Àwọn adájọ́ bíà kan wà ní Amẹ́ríkà, BJCP lorúkọ ẹgbẹ́ wọn, láti 1985 ni wọ́n ti wà, máàkì àádọ́ta ni wọ́n ń fún bíà kan. Wò ó bí wọ́n ṣe pín in: ojú rẹ̀ gba 3 péré, òórùn 12, ìtọ́wò 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 10. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí 3 yẹn ẹ̀rín pa mí, mo rántí àwọn kọ́sítọ́mà mi tó máa ń gbé ìgò sókè sí iná gílóòbù bí ẹni ń wo fọ́tò eegun àyà. Kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó jọ oyin tuntun tàbí tíì tí ò ní mílíìkì, tó bá ṣú díẹ̀ ìyẹn ò burú, hops ló fà á, kí ìhó ẹ̀ funfun kó sì pẹ́ kó tó lọ. Ó tán.

Imú ló kàn, má sì fi falẹ̀ torí òórùn yẹn ń fò lọ. Kó o tó mu ún rárá, ti imú bọ gíláàsì, fà á sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. O mọ àwọn ọlọ́sàn tó máa ń wà ní Challenge, bí wọ́n bá ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yẹn bó ọsàn, omi wẹ́wẹ́ kan máa ń ta láti ara èèpo, ó máa ń ta ọ́ lójú, òórùn tó bá a wá yẹn gan-an ni Cascade. Omi inú ọsàn kọ́ o, èèpo. Bó o bá ti bó gíréèpù rí, ó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn hops mìíràn ń rùn bí oje igi, Simcoe nírú ẹ̀, tó o bá ti gba ọ̀dọ̀ àwọn oníplánkì ní Bódìjà kọjá lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la igi tútù, wàá mọ ohun tí mò ń wí. Citra tiẹ̀ ń rùn bíi máńgòrò tó ti pọ́n jù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, nísàlẹ̀ pátápátá, wá òórùn búrẹ́dì tí wọ́n yan láìní bọ́tà, mọ́ọ̀tì nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ pariwo.

Kọ ohun tó o gbọ́ sílẹ̀ kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ efinrin lo gbọ́, kọ efinrin. Tó bá jẹ́ ewé tíì, kọ ewé tíì. Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ò mọ efinrin, ìyẹn ò ní kí efinrin má sí nínú gíláàsì ẹ, má lọ máa pe èso tó ò jẹ rí kí ẹ̀gbọ́n lè gbà pé o gbọ́n.

O lè máa bi ara ẹ pé báwo ni nǹkan tó korò tó báyìí ṣe tún ń ta sánsán. Èyí ò lè ṣòro fún ẹni tó bá ti se pẹpẹsúùpù rí. Ata àti èròjà ló ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò, wọ́n á hó pọ̀, àmọ́ efinrin dìgbà tí ìkòkò bá fẹ́ sọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òórùn ẹ̀ á bá èéfín lọ. Bákan náà ni hops. Èyí tí wọ́n bá sè fún bíi wákàtí kan, kíkorò ló ń mú jáde, òórùn ẹ̀ ti lọ. Èyí tí wọ́n dà sí i nígbà tó kù díẹ̀ kó jinná, òórùn rẹ̀ ṣẹ́ kù. Wọ́n tún lè rẹ òmíràn sínú ẹ̀ lẹ́yìn tí bíà ti tutù tó sì ti di ọtí, ìyẹn ò kojú iná rárá, òórùn tútù gan-an ló ń fún un.

Wàyí o, mu ún. Ẹnu àkọ́kọ́ ò ní láárí, má fi ṣe ìdájọ́, ńṣe ló kàn ń jí ahọ́n. Ẹnu kejì ni kó o fi yí ahọ́n po, gbé e mì, kó o wá mí jáde nímú, ìgbà yẹn ni òórùn tún máa gba ẹ̀yìn ọ̀fun wá. Má tu ú dà nù o, àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò ló ń tu, adájọ́ bíà ń gbé e mì ni, torí pé ìparí ẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ọtí yìí yí i padà ni, adùn díẹ̀ ló ṣíwájú, èèpo ọsàn wà láàárín, kíkorò wá kẹ́yìn. Ìwọ dúró ti kíkorò yẹn, má tíì gbé gíláàsì. Ṣé ó dé, ó fọ ẹnu mọ́, ó sì lọ, tí ọ̀nà ọ̀fun ń wá òmíràn? Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn. Àbí ó jókòó sẹ́yìn ahọ́n bíi kulorokúìnì tí ò gba omi, tó o ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ìyẹn láìfí, bó ti wù kí ìgò ẹ̀ rẹwà tó. Tó bá sì ń há ọ́ lẹ́nu bí ìgbà téèyàn jẹ kaṣú tí ò pọ́n dáadáa, yọ máàkì níbẹ̀ náà.

Mu ìgò kan lóun nìkan. Lọ́jọ́ kejì, ṣí ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lágà tó o mọ̀, mu lágà díẹ̀, mu èyí díẹ̀, ibẹ̀ lójú ẹ máa ti là jù. Ẹ̀kẹta, pe ọ̀rẹ́ ẹ tó tu ú dà nù. Má fi àsun bá a mu, hops máa ń koná mọ́ ata ni, ẹnu yín á jó. Wàrà díndín ló yẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí, ọ̀rá inú ẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́ kó rọlẹ̀, lójú tèmi kò sí oúnjẹ kankan nígboro yìí tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń sọ súyà ò ríran. Kẹ́ ẹ má sì gun ọ̀kadà lẹ́yìn ẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ra pale ale kan ní ṣọ́ọ̀bù kan, ìgò aláwọ̀ ewé, wọ́n tò ó sójú wíńdò. Nígbà tí mo ṣí i ó ń rùn bí igbó, ìyàwó mi tiẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń fà nínú ilé. Ṣé hops nìyẹn? (Bàbá Ìbejì, Ìwó Róòdù)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, Bàbá Ìbejì. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó pé ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n dání, torí ẹbí kan náà ni hops àti igbó jẹ́ lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hops kì í da orí èèyàn rú bíi tiẹ̀. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, oòrùn ló ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ máa ń já ohun tó ń mú hops korò sí wẹ́wẹ́, èyí tó já yẹn á wá di nǹkan tó ń rùn bí àlùbọ́sà àti rọ́bà tó jóná. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ẹranko kan tó máa ń tu irú òórùn bẹ́ẹ̀ sára èèyàn, orúkọ ẹranko yẹn ni wọ́n fi ń pe àléébù náà. Ìgò aláwọ̀ kọfí máa ń dènà ẹ̀ gan-an, ìgò aláwọ̀ ewé ò fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, ìgò funfun ò dènà nǹkan kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú oòrùn ti tó láti ba tiẹ̀ jẹ́. Kò lè pa yín lára, ó kàn ti bàjẹ́ lẹ́nu ni. Nígbà míì, ẹ mú èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí olówó máa ra ti ojú wíńdò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ déètì wò. Lágà ṣì lè fara dà á, èyí kì í gbó dáadáa, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta òórùn hops ẹ̀ ti ń lọ, kíkorò á wá kù láìsí ẹni tó ń bá a rìn. Ooru náà tún ń yára pa á, iná lọ iná dé nínú ṣọ́ọ̀bù ò ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti ń rùn bíi páálí tí òjò pa, ó ti gbó nìyẹn. Òórùn gúgúrú oníbọ́tà tàbí ti àgbàdo sísè kì í ṣe ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù, látọ̀dọ̀ ẹni tó pọn ọ́n ló ti wá.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà kékeré nílé. Hops wọ́n. Ṣé mo lè fi ewúro dípò? (Ọmọ Ìbàdàn, Sángo)

Ìdáhùn: Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ rò ó. Àwọn onímọ̀ ilé ìwé gíga nílẹ̀ yìí ti fi ewúro àti orógbó dán an wò dípò hops, kíkorò sì jáde dáadáa. Ọgbọ́n yẹn tiẹ̀ bá ìtàn wa mu, ní 1988 tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn ilé ìpọntí yí sí, bíà ò sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n fún pale ale, ìdajì iṣẹ́ ni ewúro máa bá ẹ ṣe. Èèpo ọsàn tí mo sọ lókè yẹn ò sí nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, màá fi ewúro díẹ̀ sè é látìbẹ̀rẹ̀, màá wá ha èèpo ọsàn, ibi yẹ́lò ara ẹ̀ nìkan, sínú ẹ̀ nígbà tó bá tutù, bóyá pẹ̀lú ewé tíì. Má pè é ní pale ale fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbé ife kan wá fún mi, mo fẹ́ mọ bó ṣe rí.

Ìbéèrè: Ọkọ mi máa ń ju áìsì sínú pale ale. Mo ní kò dáa, ó ní owó òun ni. (Ìyá Bọ́lá, Mólété)

Ìdáhùn: Owó ẹ̀ ni lóòótọ́. Ẹ sọ fún un pé omi ló ń rà kún un, ìhó ẹ̀ ń kú, ìdajì òórùn tó san owó lé lórí sì ti lọ kó tó gbé e dénu. Bí ooru bá ń mú un tó bẹ́ẹ̀, kó ki ìgò tí wọn ò tíì ṣí bọ báàkẹ́tì tí omi àti áìsì pọ̀ nínú ẹ̀, kó fi iyọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan sí omi náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ó ti tutù. Kó nù ún gbẹ kó tó ṣí i, ìgò tútù máa ń bọ́ lọ́wọ́.